Odú Tí Olóko Mọ̀, Tí Ọmọ Olóko Kò Mọ̀ Mọ́

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú Bíbélì. Nínú ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kẹrin, ìyàn mú ní Gílígálì. Èlíṣà ní kí wọ́n gbé ìkòkò ńlá kaná, kí wọ́n se ọbẹ̀ fún àwọn ọmọ wòlíì. Ọ̀kan nínú wọn bọ́ sí pápá láti já ewébẹ̀. Ó rí ìtàkùn igbó kan, ó ká èso rẹ̀ kún aṣọ rẹ̀, ó délé, ó rẹ́ ẹ sínú ìkòkò. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí í ṣe. Ìgbà tí wọ́n fi ẹnu kan ọbẹ̀ náà tán ni wọ́n tó figbe ta pé yóò pa àwọn.

Púpọ̀ nínú wa ti gbọ́ ìwàásù lórí ìyẹ̀fun tí Èlíṣà dà sínú ìkòkò náà tí ọbẹ̀ fi di jíjẹ. Ìwàásù rere ni. Ṣùgbọ́n arákùnrin tí ó lọ sí pápá ni èmi máa ń ronú nípa rẹ̀. Ebi ń pa á, ó fẹ́ ran àwọn ará lọ́wọ́, ọkàn rẹ̀ sì mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí kò ní ni ìmọ̀. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìtàkùn tí a ń jẹ àti èyí tí a kì í jẹ. Ká ní ó mú ìyá àgbà kan dání lọ́jọ́ náà, ẹni tí a bí sí àdúgbò yẹn, tí ó ti ń já ewé níbẹ̀ láti kékeré, ìyá náà ì bá ti gbá a lọ́wọ́ kí ó tó ká èso kejì.

Irú ìyá bẹ́ẹ̀ ṣì ń bẹ ní àwọn abúlé wa lónìí. Wọ́n mọ ewé tí a ń sè, wọ́n mọ èyí tí a gbọ́dọ̀ fọ̀ kí a tó sè é, wọ́n mọ èyí tí a ń fún sójú ọgbẹ́, wọ́n sì mọ èyí tí ewúrẹ́ pàápàá kì í fi ẹnu kàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kàwé rárá. Orí wọn ni ìmọ̀ náà wà. Bí wọ́n bá sì sùn nínú Olúwa láìsọ fún ẹnikẹ́ni, wọn yóò gbé e lọ ni. Nítorí náà ni mo fi bẹ̀bẹ̀ fún ojú ewé díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn wa yìí, kí a lè sọ̀rọ̀ nípa ewé oko.

Ẹ̀FỌ́ TÍ ẸNIKẸ́NI KÒ GBÌN

Ẹ máa ń gbọ́ tí àwọn àgbà ń sọ pé odú kì í ṣe àìmọ̀ fólóko. Ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀ ni a sábà ń fi òwe náà bá wí, a sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé ẹ̀fọ́ ni odú í ṣe. Àwọn kan ń gbìn ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ti ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ilé, lórí ààtàn, àti nínú oko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ro. Òun àti ẹ̀gùnmọ̀ jẹ́ ìbátan.

Ẹ wo àkókò tí irú àwọn ẹ̀fọ́ wọ̀nyí máa ń yọ. Àkọ́rọ̀ òjò dé ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Iṣu èṣín ti ń tán lọ, àgbàdo tuntun kò tíì gbó, ó sì tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí oko tó mú nǹkan wá sílé. Láàárín àkókò yìí gan-an ni ebòlò ń bo ilẹ̀ tí a sun, tí yánrin ń tẹ́ ewé sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà oko, tí gbúre ń tàn káàkiri, tí tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún sì ń ga lẹ́yìn àgbàlá. Ní ilẹ̀ Èkìtì àti Oǹdó, wòròwó ń fà lábẹ́ igi kòkó, nítorí pé òjìji ni ó fẹ́. Ẹnikẹ́ni kò ra irúgbìn wọn, ẹnikẹ́ni kò bu omi rin wọ́n, síbẹ̀ ilé tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ lè jẹ ọbẹ̀ tí ó gbámúṣé. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ní ìlú ńlá ń ka irú ẹ̀fọ́ báyìí sí oúnjẹ òtòṣì. Èmi kò ní bá wọn jiyàn. Ẹni tí ó bá ti fi ebòlò tí a fi irú àti ẹja gbígbẹ sè jẹ iyán rí yóò kàn wẹ ọwọ́ rẹ̀, yóò sì jókòó ni.

Ewúro ńkọ́? Inú igbó ni òun náà ti wá kí a tó fi ṣe ọgbà yí ilé ká. Ẹ gbọ́ ohun ìyanu kan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1987, lórí òkè Mahale ní ilẹ̀ Tàǹsáníà, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Michael Huffman àti ọkùnrin ọmọ ìbílẹ̀ kan tí ń jẹ́ Mohamedi Seifu ń tẹ̀lé abo ìnàkí kan tí ara rẹ̀ kò yá. Ìnàkí náà lọ sí ìdí igi ewúro, ewúro tí a ń fọ̀ sínú ọbẹ̀ yìí náà, ó já ọ̀mùnú ẹ̀ka rẹ̀, ó bó èèpo rẹ̀ kúrò, ó sì ń jẹ inú rẹ̀ tí ó korò, ó ń fa omi rẹ̀ mu. Àwọn ìnàkí tí ara wọn le kì í sábà fi ẹnu kan kíkorò yẹn. Lọ́jọ́ kejì ara rẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò. Ọkùnrin ọmọ ìbílẹ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè orúkọ igi náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí pé egbòogi inú rírun ni láàárín àwọn ènìyàn tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kò sí ọgbọ́n nínú ewé, kí ó lọ bá ìnàkí sọ ọ́.

Ìmọ̀ ẹ̀fọ́ oko kò parí sí orúkọ nìkan. Ní abúlé kòkó kan lẹ́yìn Oǹdó, mo bá màmá kan tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ó ń já ẹ̀gùnmọ̀ sínú ìgò ìṣàlẹ̀ aṣọ rẹ̀. Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá. Èso wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ yìí ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́?”

“Èyí tó bá ti dúdú dáadáa, àwọn ọmọdé ń jẹ ẹ́. Èyí tó bá ṣì tutù, o ò gbọdọ̀ fi kan ẹnu, ọmọ mi. Inú á run ẹ́, ojú á sì máa kọ́ ẹ.”

“Ta ló sọ fún yín?”

“Ìyá mi ni. Ó gbá mi létí kó tó sọ ọ́.”

“Ta lẹ̀yin náà wá sọ ọ́ fún, màmá?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí ọ̀nà títì. “Èkó làwọn tí mo fẹ́ sọ ọ́ fún wà.”

Ohun tí màmá yẹn sọ bá ti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mu. Èso ẹ̀gùnmọ̀ tútù ní májèlé kan tí wọ́n ń pè ní solanine, èyí tí ó ń dín kù bí èso náà ti ń pọ́n. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìyá ilé fi ń bọ ewé odú lórí iná, tí wọ́n sì ń da omi àkọ́kọ́ nù. Wọn kò mọ orúkọ májèlé náà. Iṣẹ́ ni wọ́n mọ̀.

Ebòlò pàápàá ní ohun tirẹ̀. A ti rí èròjà kan nínú rẹ̀ tí ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ bí ó bá pọ̀ lára. Kò yẹ kí èyí lé ẹnikẹ́ni kúrò nídìí ìkòkò ọbẹ̀. Ní abúlé, ebòlò ní ìgbà tirẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ a tún jẹ gbúre, a tún jẹ tẹ̀tẹ̀, ẹnu kì í dúró lórí ẹ̀fọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tí ó yẹ kí ẹ̀rù bà ni ará ìlú tí ó gbọ́ pé ewé kan dára, tí ó wá ń lọ̀ ọ́ ní tútù, tí ó ń mu ife kan láràárọ̀ láti January dé December.

N kò ní pẹ́ lórí àwọn èso igbó, nítorí gbogbo wa ló mọ àgbálùmọ̀, ìyeyè àti awin. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́, ṣé ẹ mọ àgbáyun? Èso pupa kékeré ni. Bí ẹ bá lá a tán tí ẹ sì fi ọsàn wẹ́wẹ́ kíkan sẹ́nu, oyin ni yóò dà lẹ́nu yín. Ọdún 1968 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó yọ èròjà tí ń ṣiṣẹ́ yìí sọ́tọ̀. Bákan náà ni èso ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín: inú rẹ̀ dùn ju ṣúgà lọ ní ọ̀nà tí kò ṣeé fẹnu sọ, àwọn ará Yúróòpù sì ti ń yọ adùn náà lò nínú oúnjẹ wọn. Àwa ń já ewé rẹ̀, a ń ju èso rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì kò gbàgbé ohun tí wọ́n mọ̀ ní tiwọn. Títí di òní, ọbẹ̀ ewé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi epo pupa àti edé gbígbẹ sè, efó ni wọ́n ń pè é.

ṢÉ ÒRÌṢÀ NI EWÉ?

Bí a ti fẹ́ bọ́ sí ibi ewé ìwòsàn yìí, mo mọ̀ pé ara ti ń fu àwọn kan nínú wa. Ẹ má jẹ́ kí a dá wọn lẹ́bi. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ìfúlúẹ́ńsà jà ní ọdún 1918, àwọn onígbàgbọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ fún àdúrà, wọ́n sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run nìkan fún ìwòsàn. Ní ọdún 1930, nígbà ìsọjí Òkè-Oyè ní Iléṣà tí Ọlọ́run lo Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ògọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn kó oògùn wọn jáde, wọ́n sì kọ àgbo àti oògùn òyìnbó sílẹ̀ pọ̀. Wọ́n ní ìdí wọn. Lójú wọn nígbà náà, ewé kì í dá rìn. Ó ń bá ọfọ̀ rìn, ó ń bá ẹbọ rìn, ó sì ń bá orúkọ Ọ̀sanyìn rìn. Ẹni tí ó bá ka ìwé ńlá tí Pierre Verger tẹ̀ jáde ní ọdún 1995 lórí ewé ní ilẹ̀ Yorùbá yóò rí i fúnra rẹ̀: àwọn ewé wà nínú rẹ̀, ọfọ̀ sì wà pẹ̀lú wọn. Ẹni tí ó ń sá jáde nínú ilé tí ń jó kì í dúró ṣa aṣọ.

Ṣùgbọ́n iná náà ti kú tipẹ́ ní ilé ọ̀pọ̀ nínú wa, ó sì yẹ kí a padà lọ wo ohun tí a fi sílẹ̀. Màmá tí kò jẹ́ fi ẹnu kan àgbo rárá ni ó ń já ẹ̀fínrín sínú ọbẹ̀ nígbà tí inú bá ń run ọmọ rẹ̀. Ewé kan náà ni. Nígbà tí Hesekáyà Ọba ń ṣàìsàn tí oówo mú un, ó gbàdúrà, Ọlọ́run sì gbọ́. Síbẹ̀ Aísáyà wòlíì ní kí wọ́n mú ìṣù ọ̀pọ̀tọ́ wá kí wọ́n fi lé oówo náà. N kò rí i kà níbikíbi pé ọba kọ̀ ọ́.

Lójú tèmi, ìyàtọ̀ náà kò ṣòro. Bí ẹ bá lọ sí ọjà Bódè ní Ìbàdàn, ẹ ó rí ẹlẹ́wé ọmọ, ẹ ó sì rí lẹ́kúlẹ́jà. Àwọn kan ń ta ewé tútù, egbò àti èèpo igi. Àwọn mìíràn ń ta orí ẹran gbígbẹ àti ohun ètùtù. Ewé tí a ní kí ẹ fi omi sè, ewé ni. Ewé tí a ní kí ẹ pe orúkọ sí, tí a ní kí ẹ rì mọ́ ẹnu ọ̀nà tàbí kí ẹ fi sábẹ́ ìrọ̀rí, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ń tà á.

ÀLÙFÁÀ TÍ Ó MÚ EGBÒOGI LỌ SÍ ABÙJÁ

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé onígbàgbọ́ kò lè ní ohun kan í ṣe pẹ̀lú egbòogi, kí ó gbọ́ ìtàn Àlùfáà P. O. Ogunyale. Ọmọ Yorùbá ni, ó sì mọ egbòogi kan fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, àrùn tí ń bá ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa jà, tí ń jẹ́ kí eegun máa ro wọ́n títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ohun mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀: iyère, osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Ẹ kíyè sí i, iyère àti osùn, ohun inú igbó wa ni wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ilé iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Abùjá, tí a mọ̀ sí NIPRD. Kò fi í pamọ́ sínú àpò títí yóò fi bá a lọ sí sàréè. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n dán an wò lára àwọn aláìsàn, wọ́n sì rí i pé ìrora náà kì í sábà dé mọ́ bí ó ti ń dé tẹ́lẹ̀. Niprisan ni wọ́n sọ ọ́. Ní ọdún 2002, wọ́n fún ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Xechem, láṣẹ láti máa ṣe é, a sì gbé e jáde ní Nàìjíríà ní oṣù keje ọdún 2006 lábẹ́ orúkọ Nicosan. Inú ọ̀pọ̀ òbí dùn. Àárín ọdún méjì sí i, gbèsè wọ ilé iṣẹ́ náà lọ́rùn, ó wó, oògùn sì wọ́n lọ́jà. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ewé.

Orin ata tí a fi ń fọ eyín náà ní ìtàn. Ní ọdún 1971, Abayomi Sofowora àti W. A. Isaacs tẹ ìwádìí kan jáde pé omi egbò orin ata ń dá ẹ̀jẹ̀ tí ó ti ká gọngọ nítorí àrùn yìí padà sí bí ó ti yẹ kí ó rí. Inú ìgò ni ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ o, kì í ṣe lára ènìyàn. Ẹ má lọ fi orin rọ́pò ọsibítù. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sì ti ń fi egbò asofẹ́yẹjẹ tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú tipẹ́tipẹ́ kí Dókítà Raymond Prince tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1960. Òtítọ́ ni pé èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí ń mú ara rọlẹ̀. Èròjà yìí kan náà ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wá sílẹ̀ débi pé ó lè dá ènìyàn kú lórí ìdúró bí a bá ṣì í wọ̀n. Ẹyẹ nìkan ni a so ó fún.

Kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ti ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá wa wá. Ewé kan tí gbogbo àgbẹ̀ ń fún sójú ọgbẹ́ àdá kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, àwọn kan ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀, àwọn kan ń pè é ní ewé Akíntọ́lá, ó kù sí ọwọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú tí olúkúlùkù wà nígbà náà. Àlejò ni ewé náà ní ilẹ̀ wa. Nǹkan bí ọdún 1937 ni ó bá irúgbìn igi mẹ̀línà wá láti Ceylon, tí a ń pè ní Sri Lanka báyìí, ó sì gba gbogbo oko kan. Àwọn ìyá wa bá a nílẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n dán an wò, wọ́n sì mọ ìlò rẹ̀ kí ogójì ọdún tó pé. Ẹni tí ó bá ní ìmọ̀ wọn jẹ́ àṣà àtijọ́ tí kò lè yí padà kò mọ̀ wọ́n.

IBI TÍ Ó TI Ń DI EWU

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tí ó wúwo jù lọ lọ́kàn mi. Ewé kì í pani, àìmọ̀ ni ó ń pani. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà mọ àgbo gìrì tí a fi ìtọ̀ màlúù ṣe. Ewé tábà ni, àlùbọ́sà, aáyù, omi ọsàn wẹ́wẹ́, iyọ̀ òkúta, àti ẹ̀fínrín, ẹ̀fínrín kan náà tí ń dùn nínú ọbẹ̀, gbogbo wọn nínú ìtọ̀ màlúù. Nígbà tí gìrì bá gbé ọmọ, wọn a là á lẹ́nu, wọn a dà á sí i, wọn a sì fi pa á lára. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn oníṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ̀wé lórí ohun tí ó ń ṣe: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ a já wálẹ̀, èémí a há, ọmọ tí gìrì ì bá fi sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ a dákú lọ. Àwọn kan kú, àwọn kan yè ṣùgbọ́n ọpọlọ wọn kò padà sípò mọ́. Ìyá tí ó dà á sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Arákùnrin Gílígálì náà fẹ́ràn àwọn ará rẹ̀. Bí gìrì bá gbé ọmọ, ẹ dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ẹ má fi nǹkankan sí i lẹ́nu, ìbáà ṣe ṣíbí, ìbáà ṣe omi, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá. Ẹ lè máa gbàdúrà nínú ọkọ̀.

Nígbà mìíràn, ewé kò ní ewu, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ ní. Ọ̀pọ̀ abúlé ń fi ewé rẹ́rẹ́ sè fún ibà. Ní apá ìwọ̀ oòrùn Uttar Pradesh ní ilẹ̀ Íńdíà, àrùn kan ń pa àwọn ọmọdé lọ́dọọdún ní ìgbà òtútù, àwọn dókítà sì rò fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kòkòrò àìfojúrí ni. Ní ọdún 2007 ni àwọn oníṣègùn kan kọ̀wé pé wọ́n ti rí ìdí rẹ̀: èso rẹ́rẹ́ ni àwọn ọmọ náà ń já jẹ nínú eré. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín pé pòdì rẹ́rẹ́ kì í ṣe ẹ̀wà.

Bí a ṣe ń pèsè rẹ̀ sì tún ṣe pàtàkì. Oògùn ibà tí a ń rà ní ilé ìwòsàn wa lónìí, láti inú ewé ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti wá, ewé igbó kan ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ìgbà tí Tu Youyou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá a ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n gbé ewé náà kaná, kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà tí ó ka ìwé ìṣègùn àtijọ́ kan, ó rí i pé omi tútù ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí nígbà láéláé. Iná ni ó ń ba agbára ewé náà jẹ́. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2015. Nítorí náà, bí ìyá kan bá sọ fún yín pé a kì í se ewé báyìí, rírẹ ni a ń rẹ ẹ́, ẹ má bá a jiyàn kí ẹ tó bèèrè ìdí.

Èyí tí ó burú jù lọ ni kí a ṣi ewé kan mú fún òmíràn. Ní Brussels, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn obìnrin tí ó ju 100 lọ lo oògùn ewé kan láti fi fọn. Ewé Ṣáínà méjì ni ó ní orúkọ tí ó jọra. Èyí tí kò yẹ ni wọ́n kó sínú oògùn náà. Kídìnrín wọn bàjẹ́, àrùn jẹjẹrẹ sì mú àwọn kan lẹ́yìn náà. Ìbátan ewé tí ó ṣe wọ́n léṣe náà wà nílẹ̀ wa, akọ-igún ni a ń pè é, ó sì wọ́pọ̀ nínú ìgò àgbo tí a ń tà ní ibùdókọ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ má mu ún. Ẹni tí ó ń ta àgbo lójú títì lè jẹ́ ènìyàn rere, ṣùgbọ́n bí kò bá lè dárúkọ ohun tí ó wà nínú ìgò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ni ẹ fẹ́ gbé mì? Bí ẹ bá ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà, tàbí tí oyún wà nínú, ẹ jẹ́ kí dókítà yín mọ ewé tí ẹ ń mu. Ẹ má fi í pamọ́ fún un nítorí ìtìjú.

KÍ Ó TÓ LỌ

Àwọn ewé náà pàápàá ti ń dín kù. Ní ayé àtijọ́, ọkọ́ ni a fi ń ro abẹ́ kòkó, wòròwó a sì tún hù. Nísinsìnyí oògùn apakoríko ni a ń fọ́n. Ilẹ̀ a mọ́ tónítóní láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀fọ́ a sì bá koríko lọ. NAFDAC fòfin de paraquat láti ọjọ́ kìíní ọdún 2024, ó sì fòfin de atrazine láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ṣùgbọ́n oògùn tí a lè fọ́n kò tán sórí méjì yẹn. Ẹ má ṣe já ẹ̀fọ́ ní ẹ̀bá oko tí ẹ kò mọ̀ bóyá a ti fọ́n nǹkan sí i. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ olóko ná.

Ìmọ̀ inú orí ni ó yára lọ jù. Bí ẹ bá lọ sílé fún ìkórè tàbí ọdún Àjíǹde, ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ́wọ́, kí ẹ ní kí ìyá àgbà mú gbogbo yín yí oko po ní ìdajì wákàtí. Kí àwọn ọmọ fi ẹ̀rọ ìléwọ́ wọn ya ewé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì gba ohùn màmá sílẹ̀ bí ó ti ń dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n fọ́tò nìkan kò tó, orúkọ pẹ̀lú kò tó, nítorí ìlú kan lè pè é ní Awólọ́wọ̀ kí èkejì pè é ní Akíntọ́lá. Ilé ìkówèésí ewé kan wà ní Jẹ́ríkò, ní Ìbàdàn, lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀, níbi tí wọ́n ti ń sọ ewé tí ẹ mú wá gan-an ní orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ẹ gé ẹ̀ka kan tí ó ní ewé, òdòdó àti èso bí ó bá ṣeé ṣe. Ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, ẹ gbé ohun wúwo lé e, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ìwé náà lójoojúmọ́ títí yóò fi gbẹ, kí ó má ba à jẹrà. Ẹ kọ ìlú tí ẹ ti gé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ àwọ̀ òdòdó náà nígbà tí ó ṣì tutù nítorí yóò yí padà bí ó bá gbẹ, ẹ kọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe níbẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ìyá tí ó fi hàn yín.